Ẹ̀tù kan kọ́ ni gbogbo ẹ̀tù: èsì sí àbá “àtúnkì”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Òṣogbo. Ẹ ó rántí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Texas, tó máa ń lọ yìnbọn ní pápá ìdárayá, ní kí n bá òun kọ ìwé kékeré kan ní Yorùbá fún àwọn ọmọ ilé wa níbẹ̀ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn di ọta ìbọn gígùn sínú ìkarahun tí wọ́n ti yìn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà. (Lọ́hùn-ún, òfin fàyè gba ẹni tó ń ṣe é fún ìlò ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, Òfin Ìbọn ti 1959 kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti máa ṣe ọta nínú ilé, nítorí náà kí ẹnì kankan má sọ pé èmi ni mo ní kí òun dán an wò.) Bàbá wa kan fèsì pé “àtúnkì” ni kí a pe iṣẹ́ náà, pé “ọta” ni kí a pe ohunkóhun tó bá wọ inú ìbọn, àti pé “ẹ̀tù” ti tó fún gbogbo ẹ̀tù. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ pé n kò fara mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkẹta ló sì ń bà mí lẹ́rù jù.

Kí n tètè kúrò lórí “àtúnkì.” Ìbọn là ń kì, a kì í ki ọta. Ọdẹ tó da ẹ̀tù sẹ́nu ṣakabùlà, tó fi ọ̀pá gún un wọlé, tó sì sọ ọta tẹ̀lé e, òun ló ki ìbọn. Ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jókòó sídìí tábìlì, ìbọn rẹ̀ sì lè wà lábẹ́ àgádágodo ní yàrá kejì. Bí mo bá kọ ọ́ pé ó ṣe àtúnkì, òǹkàwé á rò pé inú igbó ló ti tún ìbọn kì, bí kò bá jẹ́ pé oríkì ẹnì kan ló tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. “Àtúndì” ni mo dábàá, nítorí ohun mẹ́rin ni wọ́n ń dì pọ̀ níbẹ̀: ìkarahun onídẹ, ohun kékeré tó ń ṣáná, ẹ̀tù, àti ọta fúnra rẹ̀.

Ohun mẹ́rin yìí ló bá “ọta” jẹ́. Bí ìwé bá sọ pé “ra ọta,” kí ni ẹni náà yóò rà? Kí a fi ọta sílẹ̀ fún ohun líle tó ń fò jáde lẹ́nu ìbọn nìkan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lò ó fún ọta òkúta. Kí a sì pe odindi rẹ̀ ní kátíríìjì. Ìkarahun ni kí a pe ilé onídẹ tó kó yòókù sínú. Ẹnì kan ti mú “àkọ̀” wá, ṣùgbọ́n idà máa ń jáde nínú àkọ̀ kó tún padà síbẹ̀. Ọta tó bá jáde kò ní ilé mọ́.

Èyí tó kù ni ohun kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù. Mo mú ìdí kátíríìjì kan tí wọ́n ti yìn lọ bá bàbá ọdẹ kan lẹ́bàá Ọjà Ọba. Wọ́n yí i padà, wọ́n fi èékánná ìka ìlábẹ̀ kan àárín rẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ wọnú, wọ́n ní, “Ojú tí iná gbà wọlé rèé.” Mo fẹ́ gba “ojú iná” lójú ẹsẹ̀, àfi bí mo ṣe délé tí mo rí i pé ojú ihò ni bàbá ń tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, tí a máa ń yọ dànù tí a sì ń fi tuntun rọ́pò. Nítorí náà “aṣáná” ni ohun náà, “ojú aṣáná” sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ó wúlò fún ẹni tó ń rajà, nítorí irú méjì ló wà, tí wọ́n jọ jáde ní 1866. Ihò kan ṣoṣo ló wà láàárín ìkarahun tó ń lo aṣáná Boxer, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ á sì gba ibẹ̀ ti aṣáná àlòkù jáde. Ihò kéékèèké méjì ni ti Berdan máa ń ní, kò sì rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe yí i po: ará Amẹ́ríkà ni Berdan, ará Ìlú Ọba ni Boxer, síbẹ̀ ti Boxer ni Amẹ́ríkà gbé lárugẹ.

Ó wá kan ẹ̀tù. Èyí tí àwọn baba wa mọ̀, èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí à ń pè ní saltpetre ni wọ́n fi ń ṣe é, ojú lásán ni ọ̀pọ̀ ọdẹ sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Èyí tó wà nínú kátíríìjì òde òní, tí Paul Vieille ará Faransé gbé jáde ní 1884, ohun mìíràn ni pátápátá: díẹ̀ nínú rẹ̀ lágbára ju púpọ̀ ti àtijọ́ lọ. Ẹni tó bá fi ojú díwọ̀n rẹ̀ bí ti ṣakabùlà, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lójú. Ẹnì kan ní kí a pe ti àtijọ́ ní “ẹ̀tù dúdú,” ṣùgbọ́n tuntun náà máa ń dúdú tàbí kó rí bí eérú. “Ẹ̀tù òyìnbó” kò sì ṣeé lò, nítorí ọwọ́ òyìnbó náà ni àwọn baba wa ti ń ra ti àtijọ́. “Ẹ̀tù eléèéfín” àti “ẹ̀tù aláìléèéfín” dára létí, àmọ́ ojú tó bá ń kánjú kò ní rí ìyàtọ̀ wọn lára agolo. Mo dábàá “ẹ̀tù ṣakabùlà” fún ti àtijọ́ àti “ẹ̀tù aláìléèéfín” fún tuntun. Nínú tuntun pàápàá, èyí tó ń jó wàràwàrà fún ìbọn ìléwọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú kátíríìjì ìbọn gígùn, ìdí nìyẹn tí ìwé ìdíwọ̀n, tó ń sọ irú ẹ̀tù àti ìwọ̀n tó yẹ kátíríìjì kọ̀ọ̀kan, fi ní láti ṣáájú ẹ̀rọ nínú ohun tí wọ́n máa rà.

Ìdíwọ̀n náà ní wàhálà tirẹ̀. “Grain” ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù àti ọta. 7000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Bí mo bá pè é ní “hóró,” ẹni tó kà pé ọta jẹ́ hóró 168 lè rẹ́rìn-ín kó kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á nípa ẹ̀tù lè jókòó máa ka hóró ẹ̀tù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ ní “gíréènì.” Kí a sì má pe irinṣẹ́ rẹ̀ ní òṣùwọ̀n, nítorí kóńgò náà òṣùwọ̀n ni, sìkéèlì ni kí ó jẹ́, bí àwọn ẹlẹ́ran ti ń pè é.

Nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀ tí wọ́n fi ń ti ìkarahun wọnú dáì, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ló yẹ olùbẹ̀rẹ̀. Dáì, tó ń fún ìkarahun tó ti fẹ̀ padà sí ìwọ̀n rẹ̀, kí ó máa jẹ́ dáì, bí àwọn oníṣẹ́ irin ti ń pè é.

Ó ku ara ìkarahun fúnra rẹ̀. Ẹnu, ọrùn àti èjìká kò ní ìjà nínú. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì pe ibi tí aṣáná wà ní orí, Bàbá wa sì ní kí a gbé e wá bẹ́ẹ̀. Ibo ni a ti rí ẹni tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ wà lókè? “Ìdí” ni mo kọ sínú ìwé náà. Bí Bàbá bá ṣì fẹ́ “orí,” mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbé òfìfo ìkarahun kan nàró lórí tábìlì kí wọ́n tó fèsì.