Omi ilé wa ní Ìkòròdú kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nígbà tá a kó dé Igbógbó, inú mi dùn pé omi wà nínú ọgbà. Kànga ẹ̀rọ ni onílé gbẹ́, omi ọ̀hún sì mọ́ gaara. Àfi ìgbà tí mo fọṣọ! Mo fi ọṣẹ pa á títí, kò hó. Nǹkan funfun kan ló ń léfòó, ó sì lẹ̀ mọ́ etí bàsíà. Aṣọ ilé-ìwé ọmọ mi wá gan bíi páálí.

Ti kẹ́tùlù ló burú jù. Nǹkan bí ẹfun ti dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí mo bá da omi sí ife tíì, á máa já bọ́ wẹ́wẹ́. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo sè é, ó ṣí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó tún ti dé.

Màmá yàrá kejì ní kí n lo álọ́ọ̀mù. Ìdọ̀tí lásán nìyẹn ń rẹ̀ sílẹ̀, kò ran kálísíọ́ọ̀mù, èròjà inú ilẹ̀ tó ń dì bí ẹfun yẹn, tó ti yọ́ sínú omi. Omi òjò nìkan ni ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn sì ń bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ sọ omi di ẹ̀rọ̀, ṣé ó tó owó tẹ́ ẹ ná? Ayálégbé ni mí o. Ṣé mo lè so ó mọ́ páìpù tèmi nìkan, àbí ìdí táǹkì ló gbọ́dọ̀ wà? Ẹ jọ̀wọ́, kẹ́tùlù kejì mi rèé.