Ọmọ mi há ìwé sórí, kò mọ̀ ọ́n kà. Irú ìwé wo ni kí n rà fún un?

Ìyá Àkànní, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà wa. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti Sátidé.

Àkànní, ọmọ mi kejì, ọmọ ọdún 8 ni, ó wà ní prámárì kẹta. Bí mo bá ní kó kàwé fún mi, geere ló máa ń kà á, inú mi á sì máa dùn. Ní Sátidé, mò ń jọ èlùbọ́ lọ́wọ́, òun jókòó sórí àpótí níwájú mi, ó ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò ní kíláàsì wọn. Mo gbójú sókè báyìí, mo rí i pé ewé méjì ló ṣí pa pọ̀. Àwòrán ewúrẹ́ ló wà níwájú rẹ̀, ìtàn ọjọ́ ọjà ló sì ń kà. Kò fura. Ó ń bá a lọ ni, ó tiẹ̀ ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ bo àwòrán yẹn, mo nawọ́ sí ọ̀rọ̀ oní lẹ́tà mẹ́ta kan, mo ní, "Kí lèyí?" Ó wo ìwé, ó wo ojú mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè."

Àyà mi já. Etí lọmọ yìí fi ń kàwé láti ọjọ́ yìí wá.

Mo lọ bá tíṣà rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ó ní kò sí wàhálà kankan, pé 9 nínú 10 ló gbà nínú ìwé kíkà ní táàmù tó kọjá. Ó ní kí n má sọ Yorùbá sí i nílé mọ́, pé Yorùbá ló ń dí i lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ní ká mú un kúrò níbẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ owó. Ìwé 11 ni wọ́n kọ fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ₦38,000 ni mo san. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lo ìwé yìí gan-an ní ọdún méjì sẹ́yìn. Mo fi bébà bo ẹ̀yìn wọn, mo kó wọn pa mọ́. Àmọ́ inú ìwé náà ni wọ́n ní kí ọmọ máa kọ ìdáhùn sí, tíṣà á sì fi bírò pupa maàkì í. Báwo ni àbúrò ṣe fẹ́ lò ó? Láyé tiwa, ìwé kan ṣoṣo, ọmọ ìyá mẹ́rin lè fi jáde ìwé mẹ́fà.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi báyìí kò ju ₦6,000 lọ. Irú ìwé wo ni kí n fi rà? Ṣé Yorùbá ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ni àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ má bú mi o. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti rí i tipẹ́.

Màmá Tíṣà, Ìsẹ́yìn

Ìyá Àkànní, ẹ pẹ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò bú yín. Ọwọ́ tí ẹ fi bo àwòrán yẹn, ọ̀pọ̀ àwa tí a gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ni kì í ṣe é.

Ọdún 35 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ọ̀nà tí irú èyí ń gbà wọlé. Tíṣà á ka gbólóhùn kan, gbogbo kíláàsì á gbè é. Wọ́n á kà á lónìí, wọ́n á kà á lọ́la. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ tí etí rẹ̀ mú ti há a tán, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ojú ìwé náà ni wọ́n á tún fi ṣe ìdánwò. Ọmọ tó há odindi ìwé sórí kì í ṣe olódo o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ lójú yín.

Ẹ má tíì ra ìwé kankan. Ẹ wá páálí mílíìkì, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń sọ, àti torí pé lẹ́tà Yorùbá kì í yí ohùn padà. Lẹ́tà 25 la ní. A ni a, níbikíbi tó bá wà. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: a inú cat, a inú cake àti a inú call, lẹ́tà kan náà ni, ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé lẹ́tà ló ń gbé ohùn, báwo ni yóò ṣe rí ọ̀nà láàárín ìyẹn?

Ẹ mú b, d, f, k, l. Ẹ so fáwẹ̀lì méje mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ẹ ṣe ti d bẹ́ẹ̀, títí dé ti l. Páálí 35 nìyẹn. Ẹ wá kọ fáwẹ̀lì méje náà lọ́tọ̀, ó di 42. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ tún kọ la kan àti ba kan kún èyí tó wà nílẹ̀, ẹ tò wọ́n síwájú rẹ̀, la, ba, la, ba, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má pè é fún un. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ kó o jọ títí labalábá á fi fò jáde. Inú páálí yẹn náà ni adé, odò, ilé, bàbá, kẹ̀kẹ́, ìkòkò, abẹ́bẹ̀ àti ẹlẹ́dẹ̀ wà; èyí tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ kan, ẹ tún ọ̀kan kọ. Bí ẹ bá wá ń kọ odindi ọ̀rọ̀ fún un, ẹ fi àmì ohùn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ojú rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ ti tó, kó tó jẹun alẹ́.

Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú

Màmá, ẹ má bínú, mi ò gba gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe kọ́mọ̀n ẹ́ńtíráǹsì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó wà nínú báàgì ọmọ yẹn. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2022, pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní prámárì, wọ́n ti fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ọmọ ti pé ọdún 8. Ìgbà wo ló fẹ́ kọ́ Yorùbá tán kó tó kan Gẹ̀ẹ́sì? Fónííkì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ìbejì mi. Ohùn lẹ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, kí wọ́n sì tó pé ọdún 6 wọ́n ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo máa wá ẹni tó mọ fónííkì dáadáa, mo máa fi ₦6,000 yẹn bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

Màmá Tíṣà, Ìsẹ́yìn

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé. Ohùn lẹ́tà lẹ̀yin fi bẹ̀rẹ̀, òun náà lèmi fi bẹ̀rẹ̀. Ti èdè nìkan ni a ti yà.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ prámárì, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ń kọ́ wọn. Ìwé ìṣirò wà ní Yorùbá, ti sáyẹ́ǹsì náà wà. Wọn ò rí irú rẹ̀ rà lọ́jà, àwọn fúnra wọn ló jókòó kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ yẹn wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba lè fagi lé ìlànà. Èmi kò lè fagi lé ohun tí mo fojú ara mi rí ní kíláàsì.

Àkànní kò ní kọ́ ìwé kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti mọ̀ ọ́n ní Yorùbá, ohun tó kù fún un nínú Gẹ̀ẹ́sì ni ibi tí lẹ́tà ti ń yí ohùn padà, ibẹ̀ sì ni fónííkì yín máa ti wúlò gan-an.

Àǹtí Peckham, London

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un. Níbí, bí ọmọ bá fẹ́ parí ọdún kìíní ilé-ìwé, wọ́n máa ń dán an wò, láti 2012 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ 40 ni wọ́n á ní kó kà. 20 nínú rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan, wọ́n kàn to lẹ́tà pọ̀ ni, kí ọmọ má baà máa sọ ohun tó ti há sórí. Ẹ lè ṣe é ní Yorùbá. Ẹ kọ "fẹdu", ẹ kọ "kobida". Bó bá kà á bó ṣe wà, ó ti mọ̀wé kà nìyẹn.

Ti owó ìwé, níbi tí ọmọ mi ń lọ, àwa kọ́ la ń ra ìwé kíkà. Ilé-ìwé ló ni ín. Ọmọ á gbé ọ̀kan wálé, àwọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé ló ń sọ ìpele rẹ̀, èmi á gbọ́ bó ṣe ń kà á, mo máa buwọ́ lu ìwé kékeré kan, wọ́n á gbà á padà, wọ́n á fún un ní òmíràn. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ òbí kíláàsì kan n'Íbàdàn ò lè dán an wò? Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ìwé pẹlẹbẹ méjì wá sínú àpótí kan, kó máa yí ká.

Ìṣòro tèmi yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ọmọbìnrin mi dán mọ́rán, àmọ́ mo kọ "ile" fún un, "áìlì" ló pè é. Ó dùn mí dé egungun. Màmá, páálí 42 yẹn, èmi náà máa gé e lálẹ́ òní.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ bo àwòrán fún tèmi ní prámárì kejì. Bákan náà ni. Mi ò lè sọ̀rọ̀.

Bàbá Oníwèé, Dùgbẹ̀

Ìwé ni mò ń tà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́ kí ẹ tó jáde lọ náwó.

Àlòkù ìwé dára, àmọ́ ẹ ṣí i wò. Ní 1974 ni wọ́n fẹnu kò sórí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí. Ìwé tó bá ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, "aiye" lẹ máa bá níbẹ̀ dípò "ayé", "nwọn" dípò "wọ́n", "ẹiyẹ" dípò "ẹyẹ", "enia" dípò "ènìyàn". Kò ní ṣe àgbà ní nǹkan kan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ohùn pọ̀ ní tirẹ̀ máa pe n tó wà níwájú "nwọn" yẹn, kò sì ní mọ ibi tó máa gbé e gbà. Kódà Aláwìíyé Olóyè J. F. Ọdúnjọ tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ̀wé, ẹ rí i dájú pé èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní àkọtọ́ òde òní lẹ rà.

Ti ayédèrú ló wá burú jù. Wọ́n á ya ìwé olówó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á tà á ní ẹ̀dínwó. Nínú ìwé Yorùbá, àmì abẹ́ lẹ́tà ló kọ́kọ́ ń lọ: ẹ á di e, ṣ á di s, "ọkọ̀" á di "oko", ọmọ á sì rò pé òun ni kò mọ̀wé. Ẹ ṣí àárín ìwé, ẹ wá lẹ́tà ṣ, ẹ fi ìka pa á. Bí yíǹkì bá yí yín lọ́wọ́, tàbí tí ẹ ò rí àmì abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ NOT FOR SALE sí lára, ti ìjọba ni, ọ̀fẹ́ ló yẹ kó dé ọwọ́ ọmọ. Èmi kì í rà á, ẹ̀yin náà ẹ má rà á.

Ìbàdàn lẹ wà. A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ fọwọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé wà ní Jẹ́ríkò, ẹ wọlé tọ̀ wọ́n lọ béèrè. Ìwé Yorùbá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan àti ìwé ìtàn pẹlẹbẹ méjì, owó yín á ká a.

Tíṣà Kíláàsì Kejì, Ọ̀yọ́

Ilé-ìwé ìjọba ni mo wà. Ọmọ 62 ló wà ní kíláàsì mi, ìwé kíkà 9 ló sì dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ méje ló máa ń pé lé ìwé kan lórí, àwọn tó wà lódì kejì ń rí i ní ìdoríkodò. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìdoríkodò ló fi mọ ìwé náà kà. Bí mo bá yí i síbi tó tọ́ fún un, ọmọ náà máa ń dààmú. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Kàlẹ́ńdà ló gbà mí. Kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá, mo máa ń fi máákà kọ ohun tí àwọn ọmọ bá fẹnu ara wọn sọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. "Ajá wa jẹ ẹja bàbá." Lẹ́tà ńlá gbàǹgbà, gbogbo kíláàsì ń rí i. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan la ń kọ tuntun, wọn ò sì ráyè há a. Ìyá Àkànní, ẹ ṣe irú rẹ̀ nílé. Bí ẹ bá ní dátà, ẹ wá African Storybook lórí fóònù. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀, ìtàn ọmọdé ní Yorùbá wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín.

Kí ẹ tó mú ọmọ kúrò, ẹ lọ jókòó ní kíláàsì ibi tí ẹ fẹ́ mú un lọ. Bó bá jẹ́ gbígbè ni wọ́n ń gbè é níbẹ̀ náà, ẹ ò tíì kúrò lójú kan. Ti ìwé tí wọ́n ń kọ ìdáhùn sí, ẹ̀yin òbí bíi mẹ́wàá ẹ jọ lọ bá ọ̀gá, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ máa kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé lọ́tọ̀.

Ìyá Àkànní, Ìbàdàn (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6)

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín.

Mo gé páálí náà. Ọ̀sẹ̀ kìíní le. Ojú mi ni ó ń wò dípò páálí, ó ń wá ohun tí mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀. Mo wá lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kó má rí ojú mi mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni labalábá jáde. Ó pariwo, omi bọ́ lójú mi. Bàbá rẹ̀ ló ń bá a tò ó báyìí lọ́jọ́ tí mo bá pẹ́ lọ́jà, kò sì sọ ti ká mú un kúrò mọ́. "Fẹdu" náà, ó kà á, ó bi mí pé kí nìtumọ̀ rẹ̀. A ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì oní lẹ́tà mẹ́ta bí Bàbá Ìbejì ṣe wí. Mo ra ìwé mẹ́ta ní ₦4,200, mo fi ìka pa ṣ lójú ẹni tó ń tà á. Òbí 7 ti gbà pé a jọ máa rí ọ̀gá, wọn ò tíì dá wa lóhùn.

Lánàá Sátidé, ó tẹ̀ lé mi dé Bódìjà. Pátákó kan wà níwájú ìsọ̀ mi láti ọdún mẹ́rin, ELUBO ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń to ẹnu: "e, lu, bo." Ó tún un kà. Ó ní, "Mọ́mì, elubo kọ́ lẹ̀ ń tà. Ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé àmì sábẹ́ o." Máákà tí mo fi ń kọ iye owó sára àpò wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e fún un. Ó fa àpótí sábẹ́ pátákó, ó gùn ún, ó fi àmì náà síbẹ̀.