Ẹ̀gbọ́n mi ti Kánádà wá ṣe Kérésì, kò bá ọmọ mi sọ ọ̀rọ̀ gidi kankan

Màmá Tọ́lá, Òró
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ó ti ń dùn mí látìgbà tí wọ́n ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, mú ìyàwó àti ọmọ wá láti Kánádà, wọ́n wá bá wa ṣe Kérésì. Yàrá èmi àti bàbá Tọ́lá la kó sílẹ̀ fún wọn, àwa sùn sí pálọ̀. Ìyàwó ò lè mu píọ́wọ́tà, àfi omi inú ike. Tòlótòló tí mo ti ń sìn bọ̀ láti ìgbà òjò, mo pa á. Jẹnẹrétọ̀ ń ké mọ́jú torí ọmọ wọn ò lè sùn nínú ooru, ẹ sì mọ bí epo ṣe wọ́n. Ìyàwó tún ní ata mi pọ̀ jù. Ata tí mo ti dín kù!

Gbogbo ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni pé mo ti ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi pe Tọ́lá jókòó, kó bi í ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe, kó là á lọ́yẹ̀, torí òun ló rìn jìnnà jù nínú ẹbí wa. Ó dé, ó ní, "Tọ́lá, o mà ti ga o! Ṣé ò ń kàwé?" Ọmọ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó parí. Ìyókù, fóònù ni. Ṣé kí n pè é kí n sọ tinú mi fún un ni, àbí kí n gbé e mì?

Ìyá Ìbejì, Tanke
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Tiyín tiẹ̀ sàn. Àbúrò ọkọ mi wá láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà Iléyá, ó pe àwọn ìbejì mi wọ yàrá, mo ní wọ́n ń gbàmọ̀ràn. Àṣé wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó lórí TikTok ni! Gbogbo àpótí tó wọ́ wọlé, ṣòkòtò kan ló fún ọkọ mi, kò sì bá a mu. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre.

Bàbá Adéta
Ẹ̀yin ìyá òde òní! Àlejò ló máa bá yín tọ́ ọmọ? Ẹni tó wá jẹ ọdún, ẹ ní kó wá ṣe tíṣà. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ìgbà wo lẹ bi í kẹ́yìn?

Olùkọ́, Ọ̀fà
Màmá Tọ́lá, ọmọ ọdún mélòó ni? Kíláàsì wo ló wà? Kí ló fẹ́ràn? Ẹ ò sọ ìkankan. Ṣé ẹ sì sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ẹ fẹ́ kó bá a sọ̀rọ̀, àbí inú lẹ rò ó sí?

Màmá Tọ́lá, Òró
Bàbá Adéta, ojoojúmọ́ ni mò ń bá a sọ̀rọ̀ o. Olùkọ́, mo sọ fún un dáadáa. Kí wọ́n tó wọ bàálù ni mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ní a máa rí i. Ẹnì kan tún bi mí ní kọ̀rọ̀ pé kí ló dé tí mi ò pa adìẹ. Ẹ̀gbọ́n tí mi ò rí láti ọjọ́ yìí wá, kí n wá fi adìẹ kí i?

Olùkọ́, Ọ̀fà
Ọmọ SS3 ni mò ń kọ́, mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá pè jókòó, tí àgbà yí i ká, "dókítà" ló máa sọ, torí ó mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ gbọ́. Ìgbà tí ọwọ́ bá dí lọmọ ń sọ̀rọ̀. Ẹ da ẹ̀wà sílẹ̀ kí òun àti àlejò jọ ṣà á, tàbí kí wọ́n jọ rìn lọ sọ́jà. Kí àlejò má bi í pé "kí lo fẹ́ dà?" Kó bi í pé kí ló máa ń ṣe tí kì í rántí oúnjẹ, kí ló kà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tí ẹnikẹ́ni ò ní kó kà. Kí òun náà sọ tirẹ̀, pàápàá èyí tó wù ú tí kò bọ́ sí i.

Àbúrò, Sango
Òótọ́ ni Olùkọ́ sọ. Abọ́ lèmi àti àǹtí mi tó wá láti Jámánì jọ ń fọ̀ tí mo fi sọ fún wọn pé òfì híhun ló wù mí. Wọ́n bi mí iye tí wọ́n ń ta òwú, ta ló ń rà á, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan tí mo ti hun wá kí àwọn rí i. Ẹnikẹ́ni nílé ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mò ń hun òfì báyìí, mo sì wà ní Poly.

Bàbá Adéta
Kí ọmọdé máa rò fún àgbà nídìí abọ́ pé báyìí-báyìí ló wù mí! Nígbà tiwa, bàbá ẹni ní kéèyàn lọ kọ́ṣẹ́, èèyàn á lọ.

Ìyá Ìbejì, Tanke
Bàbá, ẹ̀yin lẹ mà ń ráhùn níbí lọ́jọ́sí pé tipátipá ni wọ́n fi sọ yín di télọ̀.

Bàbá Adéta
Ìyẹn yàtọ̀.

Màmá Tọ́lá, Òró
Ọmọ ọdún 16 ni, SS3, sáyẹ́nsì ló ń ṣe. Kì í kúkú ṣe pé wọn ò sọ̀rọ̀ rárá. Lẹ́yìn Kérésì, ọmọ wọn ní òun fẹ́ rí nǹkan ayé àtijọ́, la bá lọ sí músíọ̀mù Èsìẹ́, kò jìnnà sọ́dọ̀ wa. Inú mọ́tò lèmi jókòó sí, mi ò fẹ́ràn ère. Inú fídíò tí ọmọ wọn ṣe ni mo ti rí i pé Tọ́lá, tí kì í lanu nílé, ló ń ṣàlàyé fún gbogbo wọn. Pé ère òkúta ibẹ̀ lé ní 800, pé 1945 ni wọ́n dá músíọ̀mù náà sílẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó na ìka sí orí ọ̀kan láì fọwọ́ kàn án, ó ní ẹ wo bí wọ́n ṣe dirun, ẹ wo ilà ojú, ẹ wo àpótí tó jókòó lé, pé ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ẹni tó gbẹ́ wọn dájú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ìta títí NEPA fi mú iná dé. Ọ̀rọ̀ ère náà ni! Ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hú nǹkan àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn?

Olùkọ́, Ọ̀fà
Màmá, ọ̀rọ̀ gidi wo ló tún kù? Archaeology ni wọ́n ń pè é. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka rẹ̀, ti Nsukka náà ní. Kí gan-an lẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín bá a sọ?

Màmá Tọ́lá, Òró
Mo ní kó sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ni kó ṣe. Ṣebí nọ́ọ̀sì ló ń rí Kánádà lọ? Ta ló ń sanwó fún ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀? Bàbá wọn ti fẹ̀yìn tì, owó ò tíì jáde, ọjà tí mò ń tà la fi ń jẹun.

Ìyá Ìbejì, Tanke
Ọmọ àǹtí mi lọ kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó rí ẹ̀jẹ̀, ó dákú. Búrẹ́dì ló ń tà ní Geri Alimi báyìí, ó sì ti sanra.

Nọ́ọ̀sì, Òmù-Àrán
Iṣẹ́ mi nìyẹn, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹni tó bá ti gbàwé ẹ̀rí ti wọ bàálù. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Biology, Chemistry, Physics, kírẹ́díìtì ni wọ́n ń fẹ́ nínú márààrún. Tó bá jáde, ìdánwò ìjọba wà. Kánádà tún ní tiwọn, NCLEX, owó ńlá ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ òru ló máa kọ́kọ́ lé e sá.

Bàbá Adéta
Ìyá ọmọ ló tọ́. Ère kì í fúnni lóúnjẹ.

Màmá Tọ́lá, Òró
Ẹ ṣé, Bàbá. Kí n kúkú sọ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n délé. Ó ní òun gbọ́ ohun tí Tọ́lá ń sọ, tó bá jẹ́ èyí tó wù ú yẹn ló fẹ́ kọ́, òun á san owó ilé-ìwé rẹ̀ títí á fi jáde. Ó ní kí n gbé fóònù fún un kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Mi ò tíì gbé e fún un. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ tí mo rán an kọ́ ló jẹ́!

Àbúrò, Sango
Haa! Ẹ sì ní kò bá a sọ̀rọ̀.

Bàbá Adéta
Títí á fi jáde ló wí? Màmá, ẹ gbé fóònù fún ọmọ.

Ìyá Ìbejì, Tanke
Ọkọ mi rí ṣòkòtò.

Màmá Tọ́lá, Òró
Ọmọ ń múra WAEC, mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ pín. Tó bá ṣe é tán, á gbọ́.

Olùkọ́, Ọ̀fà
JAMB máa ń ti fọ́ọ̀mù kí WAEC tó bẹ̀rẹ̀, màmá. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa lọ tẹ ìka níbẹ̀, ẹ ò lè bá a lọ. Tí wọ́n bá bi í ohun tó fẹ́ kọ́, kí lẹ fẹ́ kó sọ?

Màmá Tọ́lá, Òró
Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ná. Òun náà ò tíì gbọ́ ohùn yẹn.