Páswọ́ọ̀dù validator tó jẹ́ oríkì ilé wa: ṣé kí n kọ ọ́ sínú fáìlì gbalasa báyìí?

Ọmọ_Alárè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ló ni validator Ethereum kan (ètò tó ń jẹ́rìí sí ìdúnàádúrà fún Ethereum, ètò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń pa owó nídìí ẹ̀) tí wọ́n fẹ́ kí n máa bá wọn tọ́jú nílé wa níbí. Owó wọn ló wà ńbẹ̀, ETH 32 (ETH ni owó Ethereum). Tèmi ni sólà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Lighthouse, sọ́fíwia tó ń darí validator, la fẹ́ lò. Wọ́n ti fi fáìlì keystore (kọ́kọ́rọ́ tí validator fi ń buwọ́ lu nǹkan, tí a fi páswọ́ọ̀dù tì) ránṣẹ́, wọ́n sì ka páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sí mi létí lórí fóònù. Oríkì ilé wa ni, látòkè délẹ̀, tòun ti àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà.

Mo wá kà á pé tí mo bá tẹ páswọ́ọ̀dù yìí nígbà tí mò ń gbé kọ́kọ́rọ́ náà wọlé, sọ́fíwia á kọ ọ́ sínú `validator_definitions.yml` ní gbangba, nínú fódà kan náà tí kọ́kọ́rọ́ wà. Kí wá ni ìwúlò títì tí a tì í? Kíbọọ̀dù tí mo ní níbi ẹ̀rọ kò sì lè tẹ ẹ̀ àti ọ́. Ṣé ó burú tí mo bá kọ ọ́ láìlámì?

Ìyàwó mi tún ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣágámù. Mo ní lọ́kàn láti gbé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ náà sórí kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀, kí èyí máa bá iṣẹ́ lọ bí tọ̀hún bá kú. Ẹ̀gbọ́n ní kí n bèèrè ná, àti pé bí mo bá fẹ́, àwọn lè ka ọ̀rọ̀ 24 tí wọ́n fi ṣẹ̀dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ wọn sí mi pẹ̀lú, nítorí ọjọ́ mìíràn.

Ìyá_Ìperu

Ọmọ Alárè, o káre tó o bèèrè. Ti Ṣágámù ni màá kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ lowó ti lè ṣòfò. Má dán an wò. Kọ́kọ́rọ́ kan kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ méjì.

Ní epoch kọ̀ọ̀kan, ìyẹn slot 32 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 12, validator rẹ máa buwọ́ lu ẹ̀rí kan ṣoṣo. Bí Ìjẹ̀bú-Òde bá buwọ́ lu ọ̀kan, tí Ṣágámù buwọ́ lu òmíràn fún epoch kan náà, ẹni tó bá rí méjèèjì á gbé e lọ sórí chain (àkọsílẹ̀ gbogbogbòò Ethereum), slashing, ìyẹn ìjìyà tí wọ́n fi ń gé owó, dé nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ETH 1 nínú 32 ló máa ń lọ lójú ẹsẹ̀. Àtìgbà tí Pectra, àtúnṣe Ethereum kan, ti dé ní May 7, 2025, wọ́n ti dín in kù sí ìdá kan nínú 4096, àwọn kan sì ti ń tìtorí ẹ̀ ṣe fàájì. Wọn ò rántí pé wọ́n á lé validator náà jáde, kò ní padà wọlé mọ́ láé, owó á há síbẹ̀ fún epoch 8192, bí ọjọ́ 36, wọ́n á sì máa gé e díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọ̀pọ̀ bá sì ṣe irú ẹ̀ nígbà kan náà, gígé náà á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ fún wákàtí kan, ohun tó o máa pàdánù kò ju nǹkan bí ohun tí ò bá pa ní wákàtí yẹn. Jẹ́ kí ó kú. Iná á dé.

Páswọ́ọ̀dù ńkọ́? Kò sí fún ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ kọ́kọ́rọ́ náà kó tó lè buwọ́ lu ohunkóhun, nítorí náà ẹni tó bá ti di root (ọ̀gá pátápátá) lórí ẹ̀rọ rẹ, ó ti débẹ̀ ná. Ìgbà tí fáìlì bá wà lójú ọ̀nà ni títì náà wúlò: lórí fìláàṣì, nínú ímeèlì, nínú ẹ̀dà tí ẹ̀gbọ́n rẹ kó pamọ́. Bí o kò bá fẹ́ kó wà ní gbangba, tẹ Enter nígbà tó bá bèèrè, á máa bi ọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí iná bá lọ tó sì dé ní aago méjì òru, ta ló máa jí tẹ̀ ẹ́? Pẹ̀lú iná tiwa yìí, jẹ́ kó kọ ọ́ síbẹ̀, fún iṣẹ́ yìí ní user (orúkọ ìwọlé) tirẹ̀, kó o sì ṣe `chmod 600`, kí user yẹn nìkan lè ka fáìlì náà. Nínú àwọn sọ́fíwia ẹgbẹ́ Lighthouse, Teku náà ń ka páswọ́ọ̀dù láti inú fáìlì .txt tó jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú keystore, Prysm ní `--wallet-password-file`. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Alágbàtọ́jú ilé ni ìwọ: kọ́kọ́rọ́ géètì ló wà lọ́wọ́ rẹ, ìwé ilẹ̀ wà lọ́dọ̀ onílé. Olè tó bá jí kọ́kọ́rọ́ yìí lè dá slashing sílẹ̀, ó lè mú validator jáde, ṣùgbọ́n kò lè darí ETH síbòmíràn, bí withdrawal credential (àmì tó ń sọ ibi tí owó máa gbà jáde) bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x01 tàbí 0x02, ìyẹn ni pé wọ́n ti so ó mọ́ àdírẹ́sì kan. Bi ẹ̀gbọ́n rẹ. Tó bá jẹ́ 0x00, wọn ò tíì so ó mọ́ àdírẹ́sì, ọ̀rọ̀ 24 yẹn gan-an lowó náà.

Má sì gba ọ̀rọ̀ 24 ọ̀hún. Bó bá kà á, fi fóònù sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè)

Ẹ kú àlàyé, mà. `--enable-doppelganger-protection` ò ní yanjú ti Ṣágámù ni? Ṣebí ó máa ń tẹ́tí sílẹ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ níbòmíràn.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o: oríkì tí onílù ń kì ní Ojúde Ọba, níṣojú gbogbo regbéregbé, òun ni páswọ́ọ̀dù?

Ìyá_Ìperu

O rẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ lo sọ. Ẹni tó bá mọ ìdílé wọn, á kọ́kọ́ dán oríkì wò.

Doppelganger máa ń gbọ́ fún epoch méjì sí mẹ́ta, ìgbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìkan. Wò ó báyìí: íntánẹ́ẹ̀tì já ní Ìjẹ̀bú-Òde, iná ò lọ. Ṣágámù bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan, ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì padà dé. Ẹ̀rọ Ìjẹ̀bú-Òde kò kú rárá, kò ní tún tẹ́tí, ìbuwọ́lù ló kàn. Ó parí.

Ní ti àmì: EIP-2335, ìlànà fáìlì keystore, ní kí a kọ́kọ́ sọ páswọ́ọ̀dù di NFKD (ọ̀nà kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà olámì), kí ọ́ tí fóònù kọ àti ọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kì í yọ àmì kúrò. Oko, ọkọ àti ọkọ́, páswọ́ọ̀dù mẹ́ta ni. Enter tó bá gbẹ̀yìn nínú fáìlì kò ṣe nǹkan, ìlànà náà ní kí a yọ ọ́. Àlàfo tó bá gbẹ̀yìn máa bà á jẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, létí lo ti gbọ́ ọ. Ta ni nínú wa tó ń fi àmì síbi tó yẹ nígbà gbogbo? Ẹ̀gbọ́n rẹ fúnra rẹ̀ lè má fi í.

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi `existing-mnemonic`, àṣẹ tó ń ti inú ọ̀rọ̀ 24 yẹn ṣe kọ́kọ́rọ́, ṣe keystore tuntun lórí kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lo ọ̀rọ̀ márùn-ún mẹ́fà tí kò bára tan, láìlámì. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló máa jáde o. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ pa fáìlì ti àkọ́kọ́ rẹ́ níbi gbogbo tó bá wà, torí oríkì yẹn ṣì ń ṣí i.

Ọmọ_Alárè

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ̀gbọ́n ní 0x01 ni. Inú wọn ò dùn sí ọ̀rọ̀ oríkì, àmọ́ wọ́n ti gbà. Bó bá wá ṣe pé a fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Ṣágámù pátápátá lọ́jọ́ kan ńkọ́?

Ìyá_Ìperu

Dá validator client (apá Lighthouse tó ń buwọ́ lu nǹkan) dúró, kó o fi `lighthouse account validator slashing-protection export` kó àkọsílẹ̀ ohun tó ti buwọ́ lù jáde. Kó o gbé e wọlé ní Ṣágámù kí kọ́kọ́rọ́ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó o sì dúró fún epoch mélòó kan. Tó o bá dá ti Ìjẹ̀bú-Òde dúró, ṣe `systemctl disable` pẹ̀lú, torí bí iná bá lọ tó dé, yóò jí fúnra rẹ̀. Pa kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kó o tó wọ mọ́tò.