Kàtúùnù tó di eré orí ìtàgé: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Ìmẹ̀kọ (Peckham)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti lọ wo èyíkéyìí nínú àwọn eré olórin tí wọ́n fi kàtúùnù ṣe, kó jọ̀ọ́ wá sọ bó ṣe rí lójú tirẹ̀. Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi tipẹ́.

The Lion King, ìtàn àwọn kìnnìún, ni mo lọ wò ní Lyceum Theatre, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1999 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Ọdún 1994 ni fíìmù rẹ̀ jáde, kò sì sí ìran kan nínú rẹ̀ tí àwọn ọmọ mi ò mọ̀ lórí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí wọ́n má lọ wọ aṣọ onírun bo àwọn òṣèré látòkè délẹ̀, bí irú èyí tí wọ́n ń háyà fún ọjọ́ìbí ọmọdé.

Ìyá kan ló kọ́kọ́ bọ́ síta, ó la ohùn ní èdè Zulu, gbogbo ilé sì dákẹ́. Rafiki nìyẹn, ọ̀bọ onísègùn inú ìtàn náà. Akọ ni Rafiki nínú fíìmù, ṣùgbọ́n Julie Taymor tó darí eré yìí sọ ọ́ di obìnrin, torí ó rí i pé ìtàn náà ò ní obìnrin gbòógì kan. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: aṣọ sẹ́dà ni, tí wọ́n gé ní ìlà-ìlà tí wọ́n sì so mọ́ ọ̀pá, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àgùnfọn méjì rìn wọlé. Òṣèré kan péré ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun agéré mẹ́rin, ọrùn gígùn náà sì wà lórí rẹ̀ bíi fìlà. Bí mo ṣe ń wo ìyẹn, ariwo sọ lẹ́yìn wa. Erin ló ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń gba àárín àga kọjá, èèyàn mẹ́rin ló sì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn. Ọmọ mi kékeré na ọwọ́, ó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Wọn ò fi èèyàn pamọ́ nínú eré yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa nìyẹn. Mufasa, ọba kìnnìún, gbé orí kìnnìún ka orí, ojú òun fúnra rẹ̀ sì hàn gbangba nísàlẹ̀ rẹ̀. Bínú bá bí i, ó máa tẹ̀ síwájú, orí kìnnìún náà á sì wá bo ojú rẹ̀. Taymor àti Michael Curry ló ṣe àwọn ìbòjú wọ̀nyẹn, wọ́n sì ṣe é kó fúyẹ́ kí èèyàn lè gbé e jó. Kódà koríko ilẹ̀ náà, orí èèyàn ló wà. Àwọn oníjó gbé e, wọ́n ń mì lọ mì bọ̀, ilẹ̀ pápá sì tẹ́ rẹrẹ lójú wa.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni mí, ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo ti jáde. Nílé wa, ère á wà lórí oníjó, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á wà níwájú ojú rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ọkùnrin ló wà lábẹ́ rẹ̀, a tún mọ agbo ilé tó ti wá, síbẹ̀ ìyá là ń kí. Taymor gbé ní Indonesia láyé ọjọ́un, ibẹ̀ ló ti fi ojú rí iṣẹ́ ìbòjú àti ọmọlangidi, nítorí náà n ò ní í sọ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó sí Lyceum, ara mi mọ ohun tó ń wò.

Nígbà tí Mufasa kú, àwọn abo kìnnìún dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ọwọ́ fa aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ jáde láti ojú ìbòjú rẹ̀, ó ń fà á, ó ń gùn sí i, ó fi di pé ó balẹ̀. Omijé nìyẹn. Fíìmù lè ya omijé tó jọ omi gan-an. Èyí, aṣọ ni, a sì rí i pé aṣọ ni. Ìyá òyìnbó tó jókòó tì mí ti ń nu ojú ara rẹ̀.

Onílù (Brooklyn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa láti Ìmẹ̀kọ. New York ni mo ti wo tèmi, ní Minskoff Theatre. Minneapolis ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní oṣù keje ọdún 1997 kí wọ́n tó gbé e dé Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ńlá ní New York, ní oṣù kọkànlá. Ọdún 1998 ni Taymor gba Tony, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn eré orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á fún dídarí eré olórin.

Etí ni mo fi wo eré yìí ju ojú lọ. Àwọn onílù ò sí nínú ihò níwájú ìtàgé nìkan. Àwọn kan wà lókè lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ óò rí ọwọ́ wọn. Fíìmù náà ò tó wákàtí kan àbọ̀, ti orí ìtàgé sì ń lọ sí bíi wákàtí méjì àbọ̀. Níbo ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi kún un? Nínú orin ni. Lebo M, olórin ọmọ Soweto ní South Africa, ti kó orin jọ sínú àwo kan ní 1995 lẹ́yìn tí fíìmù jáde, inú àwo yẹn ni púpọ̀ nínú orin tuntun ti wá. Lójú tèmi, àwọn ègbè wọ̀nyẹn ló gbé ìtàn náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán, tó dá a padà sí Áfíríkà. Ẹ bá mi yọ wọ́n kúrò, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹ́ kù.

Màmá Ìbejì (Croydon)

Frozen ni tèmi, ní Theatre Royal Drury Lane. Wọ́n ṣe é níbẹ̀ láti 2021 títí di 2024. Nínú ọkọ̀ ojú irin tá a wọ̀ lọ, mo rí ọmọ lóríṣiríṣi tó wọ aṣọ búlúù Elsa, ọbabìnrin tó ń fi idán ṣe yìnyín nínú ìtàn náà, méjì tèmi wà nínú wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi mí: "Mọ́mì, báwo ni aṣọ ẹ̀ ṣe máa yí padà?" Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é nínú kàtúùnù. Lórí ìtàgé, nígbà tó kù díẹ̀ kí ìsinmi àárín tó dé, Elsa ń kọrin lọ, a ṣẹ́jú, aṣọ ti yí. Ariwo tí ilé pa lọ́jọ́ yẹn, ó ju ti orin lọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi. Yìnyín tí wọ́n fi iná tàn sára ògiri lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí mo tún padà sídìí fíìmù. Olaf, ère yìnyín tó ń sọ̀rọ̀, ló gba ọkàn mi. Òṣèré náà dúró lẹ́yìn ọmọlangidi, a ń rí i kedere, òun ló ń gbé e rìn. Ìkejì nínú àwọn ọmọ mi wo òṣèré náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà Olaf nìkan ló ń wò. Ohun tí Àǹtí Ìmẹ̀kọ sọ gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún lọ, ó gùn o. Ẹ fún un ní oorun ọ̀sán kí ẹ tó jáde.

Tíṣà (Manchester)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ni The Lion King ní ẹ̀dà kúkúrú kan tí wọ́n gé fún ọmọdé, bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ilé-ìwé máa sanwó àṣẹ, wọ́n á fi ìwé àti orin ránṣẹ́. A ṣe é.

Àwọn òbí kan fẹ́ ra aṣọ kìnnìún onísíìpù tó bo ojú. Mo ní rárá. Ohùn ọmọ ò ní í jáde, òógùn á sì bò ó. Páálí la fi gé orí ẹranko, a dè é sórí, ojú ọmọ wà níta kí ìyá rẹ̀ lè rí i.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí kì í sọ̀rọ̀ lójú èèyàn rárá. Bí a bá ní kó wá ṣe ẹranko, á sá sẹ́yìn mi. Mo ní kó wá ṣe koríko. Ó gbé koríko sórí, ó dúró gbọn-in, nígbà tí orin dé, ó ń mì bí àwọn yòókù ṣe ń mì. Lọ́jọ́ eré, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ègbè. Orin Zulu ló ń kọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó gbé jù sílẹ̀.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ (Peckham)

Tíṣà, Ọlọ́run á bá yín wo ọmọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ ṣe so koríko yẹn tí kò fi ń já bọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe eré ọmọdé ní Kérésì.

Tíṣà (Manchester)

Àmín o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gé páálí ní róbótó bí àwo oúnjẹ, ẹ dá ihò sí i, kí ẹ ki ráfíà bọ inú ihò náà, kí ẹ ta á nísàlẹ̀. Ẹ lẹ páálí yẹn mọ́ fìlà tó bá orí ọmọ mu, kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbà á lábẹ́ àgbọ̀n. Ráfíà ò gbọdọ̀ gùn kọjá apá ọmọ, bó bá gùn jù, ó máa tẹ orí síwájú. Bí ẹ bá ti gé àkọ́kọ́, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí.