Ìbéèrè: Bí ọkọ bá jẹ́wọ́ pé fíìmù ìhòòhò ti di bárakú, kí ló kù lẹ́yìn àdúrà?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Tọkọtaya
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Ìgbìmọ̀ ìgbaninímọ̀ràn ìjọ wa ń wá ìlànà fún ìgbà tí arákùnrin bá jẹ́wọ́ pé wíwo fíìmù ìhòòhò, tàbí wíwá obìnrin kiri lórí fóònù, ti di bárakú sí òun lára, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti gbọ́. Àdúrà ìdáǹdè àti ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni a máa ń ṣe, lẹ́yìn náà a ó ní kí ìyàwó foríjì. Kì í pẹ́ tí nǹkan náà fi ń padà. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ sọ fún wa, a ti gbọ́ ìwàásù.

Agbaninímọ̀ràn
Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé. Ẹ má fi àdúrà sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n á gbàdúrà tán, arákùnrin á padà sínú yàrá kan náà pẹ̀lú fóònù kan náà, kò sì ní sí ẹni tí yóò bi í ní nǹkan kan lọ́la. Òwe 28:13 ní kí èèyàn jẹ́wọ́, kí ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ni ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń ba ìgbéyàwó jẹ́ jù. Lónìí, “fíìmù lásán ni.” Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó rí ọ̀rọ̀ tí ó bá obìnrin sọ. Lẹ́yìn oṣù kan, owó tí ó fi ránṣẹ́ hàn síta. Ojoojúmọ́ ni egbò náà ń tún là. Ẹ jẹ́ kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, iye owó tó bá a lọ, bóyá ó ti bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀, bóyá ẹni náà wà nínú ìjọ tàbí nínú ẹbí. Kí ìyàwó náà kọ ohun tí ó fẹ́ mọ̀. Kí wọ́n kà á ní ìjókòó kan ṣoṣo níwájú agbaninímọ̀ràn méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ẹ má jẹ́ kó ṣàpèjúwe ohun tó wò, torí kò ní kúrò lójú ìyàwó mọ́. Owó àti àrùn kò ṣeé fò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ọkùnrin kan tó dàgbà nínú ìgbàgbọ́ tí yóò máa bi í léèrè. Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni, ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Bí ó bá bi í pé “Báwo ni?”, “A dúpẹ́” ni yóò gbọ́. Kí ó bi í pé: Kí lo wò lánàá? Aago mélòó lo sùn? Kí lo pa rẹ́ lórí fóònù?

Ẹ kọ́ ọ láti máa ṣọ́ ebi, ìbínú, àdáwà àti àárẹ̀. (Ìṣọ́ òru wa gan-an ń dá wàhálà sílẹ̀ níbí: ó dé ilé ní aago márùn-ún ìdájí, ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á, kò pẹ́ tí ará ilé fi lọ síbi iṣẹ́. Ẹ ṣètò ohun tí yóò ṣe ní wákàtí yẹn.) Dáfídì nínú 2 Sámúẹ́lì 11 náà, ogun ti lọ, òun nìkan ló jí lórí ibùsùn ní ìrọ̀lẹ́.

Bí ó bá ṣubú, kí ó sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí wọ́n sì wá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Ìṣubú kan kò sọ iṣẹ́ oṣù méjì di òfo. Bí ó bá fi pamọ́ ni ó ń di òfo.

Atúnfóònùṣe
Lórí Android 9 sókè, ẹ wá Private DNS (ibi tí fóònù ti ń béèrè ọ̀nà ojúlé kí ó tó ṣí i) nínú Settings, lábẹ́ Network, kí ẹ tẹ family.cloudflare-dns.com sí i. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń dí ọ̀pọ̀ ojúlé ìhòòhò, ìbáà jẹ́ Wi-Fi tàbí dátà. Lórí iPhone, inú Screen Time ni Limit Adult Websites wà. Kí ẹlòmíràn mú pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ dání.

Ibi tó ti ń jò: VPN (áàpù tó ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ń fo gbogbo èyí kọjá, Opera Mini náà sì lè fò ó torí pé ó máa ń gba orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gbé ojúlé wá. Ẹ yọ àwọn méjèèjì. DNS kò sì lè ya ohun tó wà nínú Telegram tàbí X sọ́tọ̀. Bí áàpù bá ti ṣí, gbogbo inú rẹ̀ ló ṣí. Ẹ pa áàpù náà rẹ́. Dátà òru tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó, kó má rà á mọ́. Kí fóònù sùn ní pálọ̀, kí ó ra aago aláàmù, torí “òun ni mo fi ń jí” ni àwáwí àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ wò ó yóò rí ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni ètò yìí ń fún un láti fi pe ẹni tó ń bi í léèrè.

Nọ́ọ̀sì
Bí ó bá ti bá ẹlòmíràn lò pọ̀, kí tọkọtaya lọ ṣe àyẹ̀wò HIV, sífílíìsì, àtọ̀sí àti hẹpatáítíìsì B. HIV lè má tíì hàn. Kí wọ́n tún un ṣe nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta sí ìbálòpọ̀ tó kẹ́yìn yẹn. Bí kò bá tíì pé wákàtí 72, kí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn ọjọ́ 28 wà tó ń dènà rẹ̀.

Ẹ má sì pe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ní bárakú. Nínú ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022, oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wò: ó ti gbìyànjú láti jáwọ́ léraléra kò rí i ṣe, iṣẹ́ tàbí ilé ti ń bàjẹ́. Ìtìjú ẹ̀ṣẹ̀ nìkan kò tó láti pè é ní àìsàn. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ lójijì lára bàbá tó ń lo oògùn Parkinson, ẹ mú un lọ bá dókítà kíákíá. Àwọn oògùn kan níbẹ̀ lè fà á.

Ìyá Ìjọ
Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní ìmúra yín ló fà á. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń wò ó kí wọ́n tó mọ̀ yín. Bí oorun kò bá kùn yín, tí àyà ń já yín, ìbànújẹ́ ló fà á, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹ wá obìnrin kan tó lè pa ẹnu mọ́; kì í ṣe WhatsApp ẹgbẹ́ aládùúrà, kì í sì ṣe àwọn àna.

Ẹ má di ọlọ́pàá fóònù. Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kì í ṣe lórí ibùsùn, níbi tí òun yóò ti sọ̀rọ̀ kí ẹ tó béèrè. Ìdáríjì yàtọ̀ sí ìfọkàntán. Jósẹ́fù kò gbẹ̀san lára àwọn arákùnrin rẹ̀, síbẹ̀ ó dán wọn wò láti Jẹ́nẹ́sísì 42 dé 44 kí ó tó fi ara rẹ̀ hàn. Bí ọkọ yín bá ń nà yín, tàbí tó fọwọ́ kan ọmọ kékeré, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nílé, kí ẹ lọ bá ọlọ́pàá.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Tọkọtaya
A dúpẹ́ púpọ̀. Àwọn arákùnrin kan ń fa 1 Kọ́ríńtì 7:5 yọ pé ìyàwó kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ du àwọn. Kí ni ká sọ?

Ìyá Ìjọ
Ẹ ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 3 àti 4. Ara tirẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹsẹ 5 fúnra rẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan. Kí wọ́n mú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, kí wọ́n kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí sílẹ̀. Kí wọ́n ṣì máa jẹun pọ̀, kí wọ́n máa gbàdúrà pọ̀. Bí àyẹ̀wò kò bá tíì pé, kí wọ́n lo kọ́ńdọ̀mù lẹ́yìn náà. Bó bá sọ pé “bí o bá kọ̀, màá ṣubú,” kí ó pe ẹni tó ń bi í léèrè lọ́jọ́ náà, kí ó tún un sọ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.