Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: máṣíìnì ìránṣọ wo ni kí n rà fún ọmọ ọdún 9?

Ìyá Fọlárìn: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ọ̀rọ̀ aṣọ rírán ti wọ̀ ọ́ lára débi pé tó bá ti tilé ìwé dé, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ iwájú ilé wa ló ń lọ jókòó sí, á máa ṣa àgékù ankárá, á fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an pọ̀, ó ti rán àpò fóònù fún mi, ó tún rán ìrọ̀rí fún àbúrò ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju ìkejì lọ ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ń gbé e sùn. Họlidé tó ń bọ̀ yìí mo fẹ́ ra máṣíìnì tiẹ̀ fún un. Mo rí àwọn kékeré kan tó ń lo bátìrì tí wọ́n ń tà lórí fóònù, owó ẹ̀ ò gani lára. Bàbá ẹ̀ ní tá a bá máa náwó ká kúkú ra industrial, máṣíìnì oníná tó lágbára tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́, kó lè lò ó dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́ èwo ni kí n ṣe? Ìbàdàn la wà, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mà. Oníbátìrì yẹn, ẹ má rà á rárá. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ bíi stapler yẹn, òwú kan ṣoṣo ló ń lò, tẹ́ ẹ bá fa ìdí òwú yẹn báyìí gbogbo ẹ̀ á tú. Èyí tó ń jókòó sórí tábìlì ní bọ́bìnnì, ìyẹn ibi tí wọ́n ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí, lóòótọ́, àmọ́ ẹ ká ankárá lọ́nà mẹ́rin kẹ́ ẹ fi sábẹ́ ẹ̀, á kàn máa kùn ni, kò ní lọ. Ohun tó sì ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ọmọ ò ní mọ̀ pé máṣíìnì ni ò dáa, á rò pé òun lòun ò mọ̀ ọ́n ṣe, ibẹ̀ láá ti sú u.

Ẹ bá mi kí bàbá Fọlárìn, ṣùgbọ́n industrial kọ́ lẹ máa gbé fún ọmọ ọdún 9 o. Nǹkan tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ lè gún aṣọ nígbà bí i 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, àgbàlagbà gan-an tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ máa ń já ẹsẹ̀ gbà ni. Orí dúdú, máṣíìnì onírin dúdú àtijọ́ yẹn, ni kẹ́ ẹ rà, Butterfly tàbí Two Lion, èyí tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń fi yí i. Bó bá ṣe yí i ni aṣọ máa ṣe lọ, tó bá dáwọ́ dúró abẹ́rẹ́ náà dúró. Kò bá NEPA ṣọ̀rẹ́, kò bá a jà.

Kẹ́mi_Manchester: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Níbí o, Janome kékeré tàbí John Lewis Mini làwọn òbí sábà máa ń rà fún ọmọdé, oníná ni, kò tóbi, ó sì lè rán aṣọ gidi, kì í ṣe ìṣeré. Tẹ́ ẹ bá ní èèyàn tó ń bọ̀ wálé ó lè bá yín gbé e, iná ibí àti ti Nàìjíríà ò jìnnà síra, plọ́ọ̀gì wa náà bá tiyín mu.

Bàbá Rìpíà: Òótọ́ lẹ sọ Àǹtí Kẹ́mi, ṣùgbọ́n kí Ìyá Fọlárìn má gbọ́ "tòkunbọ̀" kó wá sáré lọ sọ́jà o! Ti Amẹ́ríkà, 120 volt ni. Ti Japan, 100. Méjèèjì ò tó iná tiwa. Àwọn máṣíìnì Brother tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tò sílẹ̀ yẹn, òmíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ Japan ni wọ́n ti kó o wá. Ẹnì kan gbé ọ̀kan wá bá mi, kò wo ohun tí wọ́n kọ sídìí ẹ̀, ó kì í bọ iná wa láìsí stepdown tó ń dín agbára iná kù, kó tó mọ ohun tó ń ṣe mọ́tọ̀ ti ń rú èéfín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí dúdú. Bọ́bìnnì ẹ̀, kéèsì ẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹni tó ń ta òwú ló ní in, torí máṣíìnì Singer 15 àtijọ́ ni wọ́n wò ṣe é. Janome tó bá bàjẹ́ ní Ìbàdàn, ẹ máa kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá Sẹ̀mí: Èmi ò fara mọ́ ọlọ́wọ́ yìí o, ẹ má bínú. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń yí i, ọwọ́ òsì nìkan láá kù tó máa di aṣọ mú, báwo ni ọmọdé á ṣe rán ìlà tó gún? Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ èmi, ọwọ́ méjèèjì ló wà lórí aṣọ.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá: Ìyá Sẹ̀mí, ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 9 á dé pẹ́dà dáadáa? Kó tún máa tẹ̀ ẹ́, kó máa yí padà sẹ́yìn, òwú á já. Orí kan náà kúkú ni. Tó bá dàgbà díẹ̀ ẹ tú ọwọ́ yẹn kúrò, ẹ ra tábìlì àti bẹ́líìtì, ó di ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Sẹ̀mí: Ehn, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ mo gbà. Àmọ́ kó kọ́kọ́ máa rán bébà o. Ẹ ya ìwé nótù, ẹ fi rúlà fa ìlà sí i, kó máa rìn lórí ìlà yẹn láìfi òwú sí i, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ti kú, torí bébà máa ń ba ẹnu abẹ́rẹ́ jẹ́. Tó bá dé kọ̀rọ̀, kí abẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ tó tẹ aṣọ sókè, kó yí bébà, kó tún gbé e sílẹ̀. Bí Sẹ̀mí ọmọ mi ṣe ń ṣe é nìyẹn láàárọ̀ lálẹ́ títí ọwọ́ ẹ̀ fi balẹ̀.

Ìyá Fọlárìn: Ọlọ́run á bù kún yín. Bàbá ẹ̀ ti ka gbogbo ẹ̀, ó ní òun ti gbà (ó kọ́kọ́ kùn o). Tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, kí ni kí n yẹ̀ wò?

Bàbá Rìpíà: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bébà dán an wò fún yín. Ẹ mú àgékù ankárá ọmọ yẹn dání, ẹ ní kí wọ́n rán an ní ìlọ́po méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Ẹ yí aṣọ náà wo ẹ̀yìn. Tí òwú bá ń dì jọ lábẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà òwú òkè ni wọn ò fi sí i dáadáa, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè kí wọ́n tún òwú kì bọ tẹ́ńṣọ̀n, ibi tó ń fún òwú mọ́ra, tó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé òmíràn. Ẹ fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, kò gbọdọ̀ ha níbì kankan. Ọ́ìlì máṣíìnì ni kẹ́ ẹ rà o, òróró ìsebẹ̀ máa ń dì sínú ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ dá a gbé, irin ni, tó bá já lé e lẹ́sẹ̀ wàhálà ni.

Ìyá Fọlárìn: Abẹ́rẹ́ ńkọ́ sà? Nọ́ńbà wo?

Bàbá Rìpíà: 14 fún ankárá, 11 fún ṣífọ́ọ̀nù, 16 tó bá ní jíǹsì lòun fẹ́ rán. Ẹ sọ fún wọn pé HA lẹ fẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ kan ìdí ẹ̀ rí pẹlẹbẹ. Tí wọ́n bá fún yín ní DB, ti industrial nìyẹn, ìdí ẹ̀ rí roboto, kò ní bá tiyín mu. Ẹ rà á kó pọ̀ díẹ̀, torí ọmọ yẹn á máa ṣẹ́ ẹ.